Orúkọ màmá mi ní báǹkì yàtọ̀ sí ti ìwé ìbí mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí físà akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ ti gba físà akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìlú Ọba, mo kí yín o. Ìbàdàn ni mo wà. Yunifásítì ti fún mi ní CAS (ẹ̀rí pé wọ́n ti gbà mí wọlé, tí a fi ń béèrè físà), mo sì ti ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife. Ọ̀rọ̀ owó ló kù.

Màmá mi ló ń gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ náà fún mi. Epo pupa ni wọ́n ń tà ní Bódìjà, ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi kó owó yìí jọ. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń fúnni ní físà ń gba owó òbí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, àti pé ó gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì fún ọjọ́ 28 láìdín. Lálaalẹ́ ni màmá ń na fóònù wọn sí mi kí n ka iye tó wà níbẹ̀ fún wọn.

Ibi tó ti dojú rú nìyí: orúkọ ilé bàbá wọn ló wà lórí ìwé ìbí mi, orúkọ ọkọ ló wà ní báǹkì. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe, kò sí ìwé ẹ̀rí kankan. Ṣé ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ nìkan tó, àbí kí n fi ìkéde inú ìwé ìròyìn kún un?

Ẹ̀wẹ̀, iye tí pọ́n-ùn bá jẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá fi ìwé sílẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣírò náírà wa. Iye tí owó wa fi lé sí ohun tí wọ́n béèrè kò pọ̀ rárá, ẹ̀rù sì ń bà mí. Èló ni tiyín fi lé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ dá mi lóhùn.