Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ mechanical engineering, báwo lẹ ṣe la ọdún méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ jáde já?

Ọmọ Ọ̀bántòkó:

Ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí síta torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe. Kí kálukú sọ tiẹ̀, tèmi rèé.

2014 ni mo wọ yunifásítì, iṣẹ́ ọdún márùn-ún, àmọ́ ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ àti kòrónà ọdún 2020 fà á títí, 2021 ni mo tó jáde. Mo sin ìlú, 33,000 náírà là ń gbà lóṣù nígbà yẹn, ilé ìwé girama ni wọ́n gbé mi sí, físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìgbà tí mo gba sátífíkéètì tán tí mo padà sọ́dọ̀ màmá mi ní Ọ̀bántòkó lẹ̀rù tó bà mí. Mọ́ńdè àkọ́kọ́, màmá mi ti kó àdìrẹ lọ Ìtòkú, gbogbo àdúgbò ti lọ síbi iṣẹ́, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò mọ ibi tó yẹ kí n lọ. Látìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni ẹnì kan ti máa ń sọ èyí tó kàn fún mi, ó kan JAMB, ó kan IT tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ fi kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́, ó kan camp. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi mọ́.

Mo fi CV ránṣẹ́ títí ó sú mi. Gbogbo wọn ló ń bèèrè ìrírí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ibì kan ṣoṣo ló pè mí, l'Ékòó. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ládẹ̀rín, ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè yẹn, mo gbé ìwé thermodynamics, ẹ̀kọ́ nípa ooru àti agbára, dání, mò ń kà á títí a fi dé Alágọmèjì. Ọkùnrin tó bá mi sọ̀rọ̀ ò bi mí ní thermodynamics rárá. Ó ní kí n sọ ẹ̀rọ kan tó bàjẹ́ lójú mi, kí n sọ bí mo ṣe mọ ohun tó ṣe é. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó dúró dè mí gan-an, ó tún fi ọ̀nà míì bi mí, mi ò ṣáà rí nǹkan kan sọ. Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé, ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lọ bá ọ̀gá kan ní Láfẹ́nwá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń ṣe, àti èyí tí wọ́n fi ń fún un, àti èyí tí wọ́n fi ń lọ láfún. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò bèèrè owó, ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa wá. Wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣé wàá lè gbà kí ọmọdé máa rán ẹ níṣẹ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ọmọ ọdún 19 tó ti dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di grinder, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin tí wọ́n sì fi ń dán an, mú, ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é níbẹ̀ di òní. Àwọn ará àdúgbò ń bi mí pé ṣé torí iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ṣe lọ yunifásítì. Màmá mi ò sọ nǹkan kan, àmọ́ tí wọ́n bá rí aṣọ mi tí iná wẹ́dà ti lu ihò sí, mo máa ń rí bójú wọn ṣe ń rí, ìyẹn sì dùn mí ju ọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò lọ.

Oṣù kẹrin tí mo débẹ̀, màmá kan gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ láfún wá láti Ọ̀sìẹ̀lẹ̀. Bẹ́rìnì ẹ̀, irin róbótó tó ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀rọ yí geere, ti fọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì. Ọ̀gá ń pààrọ̀ ẹ̀ ni, gbogbo wa gbà pé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ mọ́tọ̀ oníná tó ń yí i, mo nu gíríìsì kúrò lára irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kàn mọ́ ọn, mo rí 2,900, ìyẹn iye ìgbà tó ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ní màmá, ṣé mọ́tọ̀ tó bá a wá látilẹ̀ rèé? Wọ́n ní rárá, ìyẹn ti jóná, ọmọ àwọn ló lọ ra èyí. Èyí tí ọ̀gá máa ń fi sí i, 1,450 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Púlè, àgbá tí bẹ́líìtì ń gbà yí, èyí tó wà lára mọ́tọ̀ jẹ́ íǹṣì 4, ti ara ẹ̀rọ jẹ́ íǹṣì 8, torí náà ìdajì ni ẹ̀rọ ń yí, 725. Mọ́tọ̀ tuntun yìí ti sọ ọ́ di 1,450. Àwọn irin tó ń lu láfún nínú ẹ̀, tápá kan bá fi díẹ̀ wúwo ju ìkejì lọ, tí eré wá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń gbọn bẹ́rìnì á di ìlọ́po mẹ́rin. Mo ti kọ ìyẹn nínú ìdánwò rí, mo sì gba máàkì ẹ̀, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó rí i lójúkojú, bẹ́rìnì tó fọ́ wà lọ́wọ́ mi, ooru ti sọ ọ́ di dúdú.

Mo ní ká fi íǹṣì 3 sára mọ́tọ̀, ká fi íǹṣì 12 sára ẹ̀rọ, 725 náà ló máa bọ́ sí. A ṣe é, a tan iná. Bẹ́líìtì ń yọ̀, ó ń ké, èéfín ń jáde. Ojú tì mí. Ọ̀gá ò bínú, wọ́n ní kí n wá wo ibi tí bẹ́líìtì ti gbá púlè kékeré yẹn mú, ṣé mo rí i pé ibẹ̀ ti kéré jù. Wọ́n gé férémù, wọ́n sún mọ́tọ̀ sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n fi púlè tó ń gba bẹ́líìtì méjì sí i. A tún tan iná, ó ń lọ̀ ọ́ kúnná. Látọjọ́ yẹn, mọ́tọ̀ yòówù kó wọlé, wọ́n á ní ẹ pe ẹnjinníà kó wá ka ara ẹ̀.

Ó ti tó ọdún kan àbọ̀ báyìí. Ọ̀gá ń sọ pé kí n dúró, pé àwọn á máa fún mi nípìn-ín nínú iṣẹ́ tí mo bá mú wá. Ilé iṣẹ́ kan l'Ọ́tà sì ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Tọ́sìdeè. Àwọn tá a jọ kàwé, ọ̀kan wà ní báńkì, àwọn méjì ti lọ kọ́ kóòdù, ẹnì kan ti lọ Kánádà. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Àṣẹ́rò:

Àbúrò mi, o ṣeun tó o sọ ọ́. Oṣù mẹ́fà tí mo fi ṣe IT, ìdí ẹ̀rọ fọ́tòkópì ni wọ́n fi mí sí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n wọ wọ́kíṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ṣé mi ò mọ̀ pé obìnrin ni mí ni. Ó ń dùn mí di òní, torí àwọn ọkùnrin tá a jọ lọ ti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ wọ́n sì ti tò ó padà, èmi ń to bébà.

Lẹ́yìn tí mo sin ìlú tán, ilé iṣẹ́ pure water kan gbà mí láti máa ka iye àpò tó ń jáde. Tó bá ti dalẹ́, ọ̀rá omi á máa jò, àwọn tó ń tà á á dá a padà, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe á wá fi kún ooru, tó bá di àárọ̀, ọ̀rá á máa jóná. Ìwé tí mo fi ń ka àpò ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ aago tó ń jò. Aago méje sí mẹ́wàá ni ṣáá, ìgbà tí gbogbo ilé ti tan iná. Iná NEPA ti lọ sílẹ̀, hítà tó ń lẹ ọ̀rá ò gbóná tó mọ́, ẹ̀rọ sì ń sáré bó ṣe ń sáré lọ́sàn-án. Mo bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ gbé e láàárín aago yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta péré ká wò ó. Kò jò mọ́. Bí mo ṣe kúrò nídìí àpò kíkà nìyẹn. Owó tí wọ́n ń san ò tó nǹkan o, mi ò ní purọ́ fún ẹ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbọ́ bùkátà mi fún ọdún méjì gbáko, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn.

Lọ sí Ọ̀tà yẹn. Mú bẹ́rìnì tó fọ́ yẹn dání, kó o gbé e sórí tábìlì wọn.

Ọmọ Ojéèrè:

HND ni tèmi. Mo ṣe kọ́ńtráàkì oṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún ọdún mẹ́rin níbì kan l'Ọ́tà. Tí oṣù kẹta bá ti ń parí lọ, oorun ò ní kùn wá mọ́, bóyá wọ́n á tún un ṣe, bóyá wọn ò ní tún un ṣe. Iṣẹ́ kan náà lèmi àtàwọn tó ní dìgírì ń ṣe, owó wọn ló yàtọ̀, mi ò sì rò pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́gíbúùkù ló gbà mí. Èyí tí mo fi ṣe IT, mi ò dáwọ́ ẹ̀ dúró, ọjọ́, ẹ̀rọ, ohun tí mo gbọ́, ohun tí mo pààrọ̀, gbogbo ẹ̀ ni mò ń kọ. Nígbà tí mo fẹ́ gba ìwé COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjinníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ìpele ti àwa technologist, ìyẹn àwa tá a ní HND, inú ẹ̀ ni mo ti kó gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe jáde. Àbúrò, bi wọ́n kó o tó buwọ́ lùwé: ta ló máa sanwó fún ẹ, ṣé ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ni àbí àwọn tó ń báni wáṣẹ́?

Ẹnì kan láti Oníkòlóbó:

Èmi lọ báńkì ní tèmi. Bàbá mi ń ṣàìsàn, owó la nílò, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀. Àmọ́ tí mo bá gba Láfẹ́nwá kọjá tí mo gbọ́ grinder, mo máa ń dúró díẹ̀.

Ọmọ Ọ̀bántòkó:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún màmá mi lálẹ́ àná, wọ́n ní kí n bá àwọn kí Ìyá Ìbejì. Màá lọ ní Tọ́sìdeè, màá sì bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn, mo ti sọ fún ọ̀gá, wọ́n ní kí n lọ, pé tí wọn ò bá gbà mí, àyè mi ṣì wà. Bẹ́rìnì yẹn ò sí mọ́, a ti tà á mọ́ àwọn àlòkù irin. Àmọ́ màmá Ọ̀sìẹ̀lẹ̀ pè lónìí, wọ́n ní ọ̀kan nínú bẹ́líìtì méjèèjì ti ń dẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la ni mò ń lọ wò ó. Mo ti ra ìwé olójú ewé 60 kan ní Pánṣẹ́kẹ́, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí.