Drew Brees: kí ló ṣe fún New Orleans tí wọn ò fi lè gbàgbé ẹ̀?

Kóòṣì Àsẹ̀rò:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù ní Àsẹ̀rò níbí l'Abẹ́òkúta, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni o, kì í ṣe tàwọn Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n gbá díẹ̀ nínú wọn báyìí, ìwé ti sú u nìyẹn, Yúróòpù ló ń rò. Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Louisiana, ìpínlẹ̀ tí New Orleans wà l'Amẹ́ríkà, wá ní kí n sọ ìtàn Drew Brees fún wọn, pé quarterback ni, pé ọkùnrin náà gbá bọ́ọ̀lù, ó bá wọn tún ìlú ṣe, ó sì dá òwò sílẹ̀ láì dúró dìgbà tó máa fẹ̀yìn tì. Mo lọ wo fídíò ẹ̀, ariwo àwọn èrò nìkan ni mo gbọ́, mi ò rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni quarterback ń ṣe gan-an, kí ló ṣe fún ìlú yẹn, níbo ló sì kó owó ẹ̀ sí? Ẹ bá mi sọ ọ́ wẹ́rẹ́ o, àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló máa gbọ́ ọ.

Ọmọ Ìjàyè:
Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Nínú bọ́ọ̀lù tàwọn Amẹ́ríkà, èèyàn 11 sí 11 ni wọ́n, ìgbà 4 ni wọ́n máa fún yín kẹ́ ẹ fi sún bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì 10, tẹ́ ò bá rí i ṣe, ó di tàwọn ẹnìkejì. Ẹni tó wà láàárín á ti bọ́ọ̀lù gba abẹ́ itan ẹ̀ sẹ́yìn fún quarterback, òun lá wá wo gbogbo pápá, ó lè gbé e fún ẹni tó máa sáré, ó lè fi ọwọ́ jù ú lọ bá ẹni tó ti sáré síwájú, gbogbo ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, táwọn gìrìpá sì ń já bọ̀ wá gbé e lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èjìká fi jẹ́ ẹ̀mí fún wọn.

Ẹsẹ̀ bàtà 6 péré ni Brees ga, àwọn kan ní ó kúrú jù fún iṣẹ́ yẹn. Ó kúrò ní yunifásítì Purdue, tíìmù San Diego Chargers mú un ní 2001, nígbà tó di 2004 wọ́n ti gbé quarterback míì, Philip Rivers, wá láti rọ́pò ẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2005 ni wọ́n gbé e lulẹ̀ nínú ìdíje tó parí sáà, èjìká ọ̀tún tó fi ń ju bọ́ọ̀lù yẹ̀, ẹran inú ẹ̀ ya. Tíìmù míì, Miami Dolphins, fẹ́ mú un, àwọn dókítà wọn yẹ èjìká yẹn wò, ọkàn wọn ò balẹ̀, wọ́n bá mú Daunte Culpepper tóun náà jẹ́ quarterback. New Orleans Saints, tíìmù ìlú New Orleans, ló gbà á bẹ́ẹ̀ ní March 2006, kọ́ńtíráàtì ọdún 6, mílíọ̀nù 60 dọ́là. Ó lo ọdún 15 níbẹ̀. Ìgbà tó máa fi fẹ̀yìn tì ní 2021, yáàdì 80,358 ló ti fi ọwọ́ jù, pẹ̀lú touchdown 571, ìyẹn kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù dé ẹ̀yìn ìlà òpin pápá àwọn ẹnìkejì kí wọ́n sì gba àmì. Òun ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ Peyton Manning lórí yáàdì ní October 2018 kí Tom Brady tó wá kọjá òun náà, quarterback ni àwọn méjèèjì.

Ará Lafẹ́nwá:
Baton Rouge, ìlú míì ní Louisiana, ni mo wà láyé ìgbà yẹn, kí n kúkú sọ ti ìlú. Ìjì Katrina jà ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2005, àwọn ògiri tí wọ́n fi sé omi wó, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ìlú New Orleans ni omi bò. Superdome táwọn Saints ti ń gbá bọ́ọ̀lù, inú ẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sá sí, ìjì tún ya òrùlé ẹ̀ mọ́ wọn lórí. Nígbà tí mo débẹ̀ lẹ́yìn omi, ilé tó o bá wò, ìlà ẹrẹ̀ wà lára ògiri níbi tí omi ga dé, fíríìjì tí wọ́n fi téèpù dì lẹ́nu nítorí òórùn ẹran jíjẹrà sì wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, àdúgbò lẹ́yìn àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ló lọ. Saints di aláàtìpó lọ́dún yẹn, San Antonio àti Baton Rouge ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ilé wọn, ìdíje 3 ni wọ́n jẹ nínú 16, àwọn èèyàn sì ń bẹ̀rù pé wọ́n lè má padà wálé mọ́.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin tí èjìká ẹ̀ ya bá ìlú. Òun àti ìyàwó ẹ̀ ò lọ ra ilé sí ẹ̀yìn odi o, ilé àtijọ́ kan láàárín ìlú ní Uptown ni wọ́n rà tí wọ́n tún ṣe, èyí wọ àwọn ará ibẹ̀ lára ju bọ́ọ̀lù lọ, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. September 25, 2006 ni wọ́n tún Superdome ṣí, kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí Steve Gleason ti Saints fi ọwọ́ dí bọ́ọ̀lù tí Atlanta tí wọ́n jọ ń gbá fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá lọ, ó di touchdown, àwọn àgbàlagbà ń sunkún níbi tí mo ti ń wò ó. Saints ló jẹ ẹ́, 23 sí 3. February 2010 ni wọ́n wá gba Super Bowl, ìdíje àṣekágbá wọn, 31 sí 17, wọ́n na Colts, tíìmù Peyton Manning, Brees ló sì gba ẹni tó ta yọ jù lọ́jọ́ náà.

Ó ti dá Brees Dream Foundation sílẹ̀ látọdún 2003, nítorí àǹtí ìyàwó ẹ̀ tí àrùn jẹjẹrẹ pa. Nígbà tó dé New Orleans, iléèwé àti pápá ìṣeré tí omi bà jẹ́ ló ń fi owó ẹ̀ tún ṣe.

Màmá Pánṣẹ́kẹ́:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o ẹ̀yin ọmọ mi. Oúnjẹ ni mò ń tà, apá ti òwò ló kàn mí. Ọmọ yẹn ra ẹ̀tọ́ láti máa ṣí ṣọ́ọ̀bù Jimmy John's, búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran sí láàárín ni wọ́n ń tà, orúkọ wọn lo máa lò, bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn gẹ́lẹ́ ni wàá ṣe é, wàá sì máa yọ ìpín fún wọn nínú ohun tó o bá tà. Ní 2015 ló tún ra ìpín nínú Walk-On's, ilé oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní Baton Rouge, ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà yẹn o, kò tíì fẹ̀yìn tì. Ó tún fowó sí Smalls Sliders, ilé oúnjẹ míì. Ẹ wò ó dáadáa, oúnjẹ ni gbogbo wọn, Louisiana sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ti mọ orúkọ ẹ̀ dunjú. Nígbà tí Kòrónà dé ní March 2020, òun àti ìyàwó ẹ̀ gbé mílíọ̀nù 5 dọ́là kalẹ̀ láti bọ́ àwọn ará Louisiana, Walk-On's àti Jimmy John's wà lára àwọn tó ń se oúnjẹ náà. Èyí ni mo fẹ́ káwọn ọmọ yẹn gbọ́, òwò tó fowó sí láàárín wọn wà lára ohun tó fi bọ́ wọn nígbà tí kò sẹ́ni tó lè jáde.

Ẹ sọ ti dáyámọ́ǹdì náà fún wọn. Ó ra ti bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní San Diego, ó ní òun fẹ́ fi owó pamọ́ síbẹ̀, ìgbà tó gbé e fún ẹlòmíì yẹ̀ wò ni wọ́n ní kò tó iye yẹn rárá. Kóòtù dá a láre ní 2019, wọ́n ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 6 ó lé fún un. Oúnjẹ yé e, dáyámọ́ǹdì ò yé e.

Ṣadé Ìbarà:
Ẹ má yọ ti June 2020 kúrò o. Wọ́n bi í nípa àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń kúnlẹ̀ nígbà orin orílẹ̀-èdè láti fi tako ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú, ó ní òun ò ní fara mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá tàbùkù sí àsíá Amẹ́ríkà, ìyẹn sì jẹ́ ìgbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń ṣọ̀fọ̀ George Floyd tí ọlọ́pàá pa. Ó dùn wá gan-an.

Ará Lafẹ́nwá:
Òótọ́ ni ẹ sọ, àǹtí. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní tíìmù kan náà gan-an bínú sí i ní gbangba. Ó bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Donald Trump tó jẹ́ ààrẹ nígbà yẹn ní kò yẹ kó bẹ̀bẹ̀, ó tún dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àsíá. Kí Kóòṣì sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú èyí tó dáa, kí wọ́n gbọ́ ọ tán pátá.

Kóòṣì Àsẹ̀rò:
Ẹ ṣé gan-an, mo ti rí ohun tí mo ń wá. Màmá, mo bẹ̀ yín, ṣé ẹ lè yọjú sí pápá lọ́sàn-án Sátidé kan, kẹ́ ẹ fi han àwọn ọmọ yìí bí ẹ ṣe ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé yín? Tí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní gbọ́.

Màmá Pánṣẹ́kẹ́:
Màá wá. Ẹ jẹ́ kó di aago mẹ́rin, ọjà máa ń yá jù lọ́sàn-án Sátidé. Kẹ́ ẹ ní kí kálukú wọn mú ìwé àti báírò wá o.