Ẹ̀yà, irú, tàbí ìran: kí ni ká pe ológbò tí wọ́n rí ní Sábó?

Ẹ̀yin ará wa, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé. Wọ́n rí ológbò kan tó ṣáko ní Sábó, n'Ilé-Ifẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ olówó rẹ̀. Ara rẹ̀ funfun bí ògì. Ojú, etí, ìrù àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹyinjú rẹ̀ dà bí aró tí wọ́n bu omi là. Ẹni tó rí i ní "ẹ̀yà Siamese" ni, ìyẹn ológbò òkè òkun tí wọ́n mọ̀ mọ́ irú àwọ̀ yìí. Ẹnì kan ní "irú" ló yẹ kó sọ, ẹlòmíràn ní "ìran". Àríyànjiyàn náà wúlò gan-an, torí ọ̀rọ̀ tí a bá yàn ló máa fi hàn bóyá òótọ́ ni Siamese.

Ohun tí òyìnbó ń pè ní breed kọjá ìrísí. Ẹbí ẹranko tí ènìyàn ṣà ni, tí wọ́n ń yan akọ fún abo láti ìran dé ìran, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ bàbá àti ìyá sílẹ̀. Ní ti ológbò, nǹkan ọ̀hún ò tíì pẹ́: ọdún 1871 ni wọ́n ṣe ìpàtẹ ológbò tó lókìkí ní Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1906 ni wọ́n dá Cat Fanciers' Association, ẹgbẹ́ tó ń kọ orúkọ irú ológbò bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ológbò ayé kò sí nínú ìwé kankan.

"Ẹ̀yà" ti níṣẹ́ lọ́wọ́: òun la fi ń ya ológbò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹkùn. Bí a bá gbé e fún Siamese, a ó tún wá òmíràn fún iṣẹ́ yẹn. "Irú" ní tirẹ̀ gbòòrò jù. Bí wọ́n bá bi yín pé irú ológbò wo nìyí, "ológbò tó ń jí ẹja" náà ti dáhùn rẹ̀. Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Iru ologbo" lè jẹ́ irú, ó lè jẹ́ ìrù, ìrù sì wà lára ohun tí à ń yẹ̀ wò níhìn-ín.

Àwọn àgbà wa ti la ọ̀nà sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ adìẹ. Àgbébọ̀ kan lè sàba lé ẹyin, kí òpìpí kan jáde láàárín àwọn ọmọ tó níyẹ̀ẹ́ dáadáa. Òpìpí kì í ṣe ìdílé adìẹ tó dá dúró, àbùdá ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú dúdú ológbò Sábó yìí. Èròjà tó ń pèsè àwọ̀ lára irú ológbò bẹ́ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ níbi tí ara bá ti gbóná, ibi tó tutù nìkan, bí etí, imú, ìrù àti ẹsẹ̀, ló ń dúdú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bí ọmọ rẹ̀ ní funfun: inú ìyá gbóná. Àbùdá yìí sì máa ń fara pamọ́. Ológbò méjì tí kò jọ Siamese rárá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé e pamọ́ sára, lè bí ọmọ tó ní in. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìrètí rẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ológbò mìíràn tí wọ́n ṣà, bíi Birman àti Ragdoll, náà ní in, wọn kì í sì í ṣe Siamese.

Àwọn àmì mìíràn náà máa ń tan ni. Ilà tó dà bí M níwájú orí wà lára gbogbo ológbò abilà. Àwọ̀ eérú nìkan kò sọ ológbò di Russian Blue, èyí tí wọ́n mọ̀ mọ́ àwọ̀ náà. Etí tó ká lè jẹ́ ti Scottish Fold, ológbò tí etí rẹ̀ máa ń ká látilẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ló ká, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú rẹ̀ nígbà kan, tó sì rún nígbà tó gbẹ. Ẹni tó bá rí ológbò aláìnírù, kó fọwọ́ wo ìdí ìrù náà: àpá tí irun ò hù níbẹ̀ fi hàn pé ó gé ni, kì í ṣe Manx, ológbò tí wọ́n máa ń bí láìnírù.

Kí wọ́n gbé ológbò Sábó náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó ní ẹ̀rọ tó ń ka microchip. Ohun kékeré bíi kóró ìrẹsì ni, wọ́n ń kì í sábẹ́ awọ láàárín èjìká méjèèjì, nọ́ńbà 15 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ó máa ń yọ̀ lọ sápá nígbà mìíràn, nítorí náà kí ẹ̀rọ náà yí èjìká àti apá ká. Nọ́ńbà yẹn lè júwe olówó rẹ̀, olówó rẹ̀ ló sì lè mú ìwé jáde. Àyẹ̀wò DNA, tí wọ́n ń fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún, á sọ àbùdá tó wà lára rẹ̀. Kò lè kọ ìwé fún un.

Èmi fara mọ́ "ìran", torí òun ló ń béèrè bàbá àti ìyá. Alàgbà kan dábàá "ìran àṣàbí", ó sì ronú jinlẹ̀: ṣíṣà wà nínú rẹ̀, bíbí náà wà nínú rẹ̀. Àmọ́ Àṣàbí ni oríkì ìyá ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì yẹ ká máa fi pe ẹranko níṣojú wọn. "Ìran àṣàyàn" ni mo fọwọ́ sí. Kò dárúkọ bíbí, ṣùgbọ́n "ìran" tó ṣíwájú rẹ̀ ti gbé ìyẹn.

Nítorí náà, ológbò ìgboro tó ní àbùdá Siamese ni ti Sábó, títí ìwé yóò fi dé. Ìwé ọ̀hún tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó bí i sí ńkọ́, kí ni ká pè é? "Ìwé ẹ̀rí ìbí" tí ẹnì kan dábàá kò tó, torí kò kọjá bàbá àti ìyá, bẹ́ẹ̀ orúkọ bàbá àgbà àti ìyá àgbà, títí dé àwọn tó bí wọn, ló ń wà nínú èyí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìwé ìran.