Ewé Akíntọ́lá tó dá ẹ̀jẹ̀ ojúgun mi dúró

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá ti ṣán oko rí nílẹ̀ Yorùbá mọ ewé Akíntọ́lá. Iṣan mẹ́ta ló là á láàárín, òórùn rẹ̀ a gba imú bí èèyàn bá ra á lọ́wọ́, òdòdó rẹ̀ a sì funfun báláú nígbà ọyẹ́.

Ọmọ ọdún 11 ni mí, a wà ní ìsinmi Kérésì ní oko kòkó bàbá mi àgbà lẹ́yìn Ilé-Ifẹ̀. Mo ń ṣán ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àdá kọ lu gbòǹgbò, ó ta padà, ó bà mí lójúgun. Kí n tó mọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti kún inú bàtà mi. Bàbá ò pariwo. Wọ́n na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n dúró sí, wọ́n já ewé náà ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbo ó títí omi rẹ̀ fi jáde, wọ́n fún un sójú ọgbẹ́. Ó ta mí bí ata! Wọ́n kó pàǹtí rẹ̀ lé e, wọ́n ya etí aṣọ oko wọn, wọ́n fi dì í. Ká tó dé abà, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, kò sí ewé yìí lóko. Ewé imí eṣú ni wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé náà ti ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní àárín èso igi mẹ̀láínà tí wọ́n kó wá láti Siri Láńkà ló fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà, nígbà tí ọdún 1940 kù sí dẹ̀dẹ̀. Hóró rẹ̀ ní irun lórí: afẹ́fẹ́ á gbé e, aṣọ á gbé e. Bí o bá ṣán an lónìí, á tún rú. Nígbà tí ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá fi fọ́ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, ní 1962, ó ti ń gba oko olóko. Bàbá ní ẹni tó bá ń ṣe ti Awólọ́wọ̀ a pè é ní Akíntọ́lá, ẹni tó bá ń ṣe ti Akíntọ́lá a sọ ọ́ di Awólọ́wọ̀. Títí wọ́n fi kú, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní Awólọ́wọ̀ lójú wọn.

* * *

Bọ̀dá, ẹ kú ìrántí. Nílé tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ewé Awólọ́wọ̀ ló ń jẹ́, a ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lórúkọ mìíràn! Mo tún bá a ní Gánà nígbà tí mo ń ná ọjà Kùmásí. Acheampong ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orúkọ ọ̀gágun tó ṣèjọba lé wọn lórí láti 1972 sí 1978.

Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ o. Abẹ́ rẹ̀ ni tata ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ́ lọ sínú ẹ̀gẹ́ ìyá mi. Lẹ́ẹ̀rùn, bí iná bá kàn án, ó ń jó bí ẹni da kẹrosíìnì sí i. Àmọ́ mo gbà pé ilẹ̀ tó bá ti bò fún ọdún mẹ́ta máa ń dúdú, iṣu a sì ta níbẹ̀.

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Àbúrò mi tẹ ìṣó tó ti dógùn-ún mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, ihò kékeré lásán. A fún ewé yìí sí i, ẹ̀jẹ̀ dá, gbogbo wa ní ewé jẹ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹnu rẹ̀ ò là mọ́. Bí a bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, omi á kàn máa dà lójú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ wá ń le, ó ń tẹ̀ bí ọrun. Ní ọsibítù, wọ́n ní tẹ́tánọ́ọ̀sì ni. Inú erùpẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ihò tó jìn tí atẹ́gùn ò dé ló sì fẹ́ràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló lò nínú yàrá tí wọ́n ṣú dùdù kí ara rẹ̀ tó rọ̀. Ó yè, ọpẹ́ ni. Ewé yẹn dá ẹ̀jẹ̀ dúró lóòótọ́, n ò bá a jà. Ohun tó wọ inú ihò yẹn ni apá rẹ̀ ò ká.

Bọ̀dá tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí àdá bà yín yẹn, ṣé ẹ gba abẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀?

* * *

Mo gbà á, àǹtí. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì lọ sí disipẹ́ńsárì, ewé náà ṣì wà lójú ọgbẹ́.