Kent tàbí Keitt: èwo ni kí n gbìn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní máńgòrò Kent àti Keitt, èwo lẹ máa mú bó bá jẹ́ ààyè igi kan ló kù? Adùn ni mò ń wá, kì í ṣe àwọ̀. Irú máńgòrò mìíràn, Tommy Atkins, pupa lóòótọ́, kì í sì í tètè bàjẹ́, àmọ́ fọ́nrán inú rẹ̀ pọ̀ jù.

Fọ́nrán Kent kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ máa ń rọ̀ bọ̀tọ̀ nítòsí kóró nígbà tí ẹ̀gbẹ́ èèpo ṣì le. Bí mo bá ká a ní gbígbó, tí èjìká rẹ̀ ti yọ ju ọrùn (ibi tí èso ti so mọ́ igi) lọ àmọ́ tí kò tíì pọ́n, ìyẹn ń dín kù. Ṣé adùn ò ní dín kù náà? Keitt sì lè pọ́n kí èèpo rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé. Kí lẹ fi ń mọ̀ pé ó tó ká?