Ọ̀mọ̀wé tuntun tó ń wá postdoc: ta ni kí n kọ̀wé sí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Oṣù méje rèé tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ kẹ́míkà. Omi ẹ̀gẹ́ ni mo ṣe ìwádìí lé lórí, ìyẹn omi kíkan tó máa ń ṣàn jáde nígbà tí àwọn ìyá wa bá gbé àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin sábẹ́ jáàkì, tó sì ní sáyánáìdì nínú. Mo fẹ́ máa bá iṣẹ́ náà lọ níbi tí irinṣẹ́ wà. Mo ti kọ̀wé sí yunifásítì 11 fún ipò postdoc, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí onígbà díẹ̀ tí ọ̀mọ̀wé tuntun máa ń ṣe lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹyọ kan kò fèsì. Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù:
Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú oríire oyè. Èèyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá yunifásítì. Àjọ Alexander von Humboldt ní Jámánì máa ń gba ìwé ní ìgbàkúùgbà láàárín ọdún, wọ́n sì ń gbọ́ bùkátà ọ̀mọ̀wé tuntun fún oṣù 6 sí 24, ṣùgbọ́n ó di dandan kí ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀ ti kọ̀wé pé òun yóò gbà yín sọ́dọ̀. Ẹni tó bá wà nínú sáyẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ lè fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, bí kò tilẹ̀ gbọ́ èdè Jámánì. Bákan náà ni ètò Marie Skłodowska-Curie, tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ń gbọ́ bùkátà àwọn olùwádìí: ẹ̀yin àti ẹni tó fẹ́ gbà yín lẹ jọ máa kọ ìwé náà.

Ìyá Ìbejì, Ìlíṣàn:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ lọ. Ọdún 4 péré lẹ́yìn oyè ni Humboldt fún ọ̀mọ̀wé tuntun. Èmi jókòó ti ìwé ẹ̀rí tí ilé-ẹ̀kọ́ mi kò tètè fún mi, ọdún méjì sì gba ibẹ̀ lọ. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni lẹ́tà yín ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ohun tí mo kọ ni pé: “Mo ń wá ipò postdoc ní yunifásítì yín tó lókìkí.” Ọ̀kan náà ni mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn.

Ìyá Ìbejì, Ìlíṣàn:
Ibẹ̀ gan-an ló ti wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá ka ìyẹn yóò mọ̀ pé ẹ kò ka iṣẹ́ òun rí. Ẹ wá ẹni tó ń fi kòkòrò tín-ín-tín fọ omi ìdọ̀tí, ẹ ka iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá bi í bóyá kòkòrò rẹ̀ lè yè nínú omi tó kan tó ti gààrí Ìjẹ̀bú, tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti lo ọjọ́ mélòó kan nínú àpò. Ìbéèrè yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ lè bi í, torí pé ẹ ti fi ọwọ́ ara yín bu omi náà.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù:
Ẹ fi ìwé ìwádìí yín kan ṣoṣo tó dára jù mọ́ lẹ́tà náà, kí ẹ sì sọ ọdún tí ẹ gba oyè. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò fèsì, ẹ kọ ìlà méjì péré láti rán an létí.