Èsì: Àjò ni mo ń lọ, òfò kọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Mo ti ka gbogbo èsì tó wọlé láti ọjọ́ Ajé, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun níbẹ̀, mi ò lè gbé e mì. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo bèèrè kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, kí ni ká máa pe ìrìn tí ẹni tó ń wa bàlúù kékeré ń rìn láti pápá kan dé òmíràn tó jìnnà, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní cross-country? Èkejì, kí ni ká máa pe ìpàdé tí àwọn àlejò ti ń gbé bàlúù tiwọn wá, tí wọ́n ń pè ní fly-in? Alàgbà wa tó wà ní London dáhùn pé "òfò-akọjá-orílẹ̀-èdè" ni ti àkọ́kọ́, "ìfòwọlé" sì ni ti èkejì. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè làwọn kà ní yunifásítì, pé mọ́fíìmù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tó kéré jù tó ní ìtumọ̀, wà níbi tó yẹ kó wà.

Alàgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Àbúrò yín ni mí. Ṣùgbọ́n òfò kẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́rú. Ìyá mi wà ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ fò lọ sí ọ̀nà jíjìn, mo máa ń ka ètò ìrìn náà fún wọn lórí fóònù: ibi tí n ó ti gbéra, ibi tí n ó ti ra epo, ibi tí n ó sùn sí. Wọn a gbọ́ ọ dópin, wọn a wá wúre. Mo ní kí n fi ọ̀rọ̀ tuntun náà dán etí wọn wò. Mo ní, "Ìyá mi, òfò tí mo fẹ́ ṣe lóṣù yìí jìn díẹ̀." Wọn ò jẹ́ kí n dé ìdí ọ̀rọ̀. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Orí mi kọ̀ ọ́! Ta ló fi òfò sí ọ lẹ́nu?" Ó gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọkàn wọn tó balẹ̀, ìwúre ọjọ́ náà sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ má sọ pé ìyá arúgbó ni, pé wọn ò mọ gírámà. Gírámà gan-an ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ lò yẹn, ẹni tó ń ṣe nǹkan ló máa ń fún wa: òṣìṣẹ́, òjíṣẹ́, ọ̀mùtí, ọ̀dàlẹ̀. Ẹ fi síwájú "kú", ẹ ó rí òkú, ẹni tó ti kú. Tí òfò tí í ṣe àdánù kò bá tilẹ̀ sí láyé, òfò tiyín ì bá jẹ́ ẹni tó ń fò, kì bá jẹ́ fífò náà. Ì- la fi ń sọ ìṣe di orúkọ: ìrìn, ìlọ, ìbọ̀, ìwẹ̀. Ìfò ni. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni mo ń bá yín jà lé lórí, mi ò sì ní fi í sílẹ̀.

Ẹnìkan láti Ìlọrin wá fẹ́ parí ìjà, ó ní ká gbé ohùn ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ kó di "òfo", kí àdánù lè kúrò níbẹ̀. Arákùnrin mi, ṣé ẹ rò ó dáadáa? Òfo! Táǹkì epo méjì ló wà nínú apá bàlúù mi, ọ̀tún àti òsì. Ọ̀rọ̀ tí mi ò fẹ́ rí lórí ìwé ètò ìrìn mi láéláé ni òfo.

Ó ku "akọjá-orílẹ̀-èdè". Ibí yìí ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Orílẹ̀-èdè kankan kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lábẹ́ òfin FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ láti gba ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni yóò ka ìrìn rẹ̀ sí cross-country bó bá balẹ̀ síbi tó ju 50 máìlì ojú omi (nautical mile) lọ sí ibi tó ti gbéra. Ìyẹn ò tó Èkó sí Ìbàdàn. Orílẹ̀-èdè wo ló kọjá?

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ yìí kí bàlúù tó dé ayé. Àjò ni. Kéèyàn kúrò nílé lọ síbi tí kì í ṣe ilé, kó dé ọ̀hún, kó sì máa ronú bí yóò ṣe padà. Àwọn baba wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ìdajì iṣẹ́ awakọ̀ sì wà nínú òwe yẹn. Nígbà tí Ademilola Odujinrin, awakọ̀ ọmọ Nàìjíríà, fi Cirrus SR22, bàlúù ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, yí ayé po lóun nìkan, tó sì balẹ̀ padà sí Washington ní oṣù kẹta ọdún 2017, tirẹ̀ kọjá orílẹ̀-èdè lóòótọ́, àní ó kọjá òkun. Síbẹ̀ àjò ni. Àjò bàlúù, tàbí àjò òfuurufú fún ẹni tó bá fẹ́ kó gùn. Kí la tún ń wá?

Ẹ wo tèmi kí ẹ lè rí ohun tí ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà mọ́ra. Láti Houston dé Oshkosh ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, níbi tí ìpàdé fly-in tí mò ń lọ wà, lé ní 900 máìlì ojú omi. Cessna 172 àtijọ́ ni mo ń wà, ó ń lọ bíi 110 máìlì bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan. Jálá epo 40 ni mo lè lò nínú rẹ̀, ó sì ń mu bíi jálá mẹ́jọ àbọ̀ ní wákàtí. Mo tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà, mo pín in sí mẹ́rin: Houston sí Texarkana, Texarkana sí Cape Girardeau létí odò Mississippi, ibẹ̀ sí Bloomington ní Illinois, Bloomington lọ sí Ripon, níbi tí gbogbo wa ti máa tò. Ti Cape Girardeau ló gùn jù, bíi 315 máìlì. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, kò pé wákàtí mẹ́ta. Bí afẹ́fẹ́ tó ń sáré máìlì 15 bẹ́ẹ̀ ní wákàtí bá dojú kọ mí, ó di wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Òfin ní kí epo tí yóò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣì wà nínú táǹkì nígbà tí mo bá dé, bó bá jẹ́ ojúmọmọ. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni bó bá jẹ́ òru. Ẹ ṣírò ó: afẹ́fẹ́ yẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọ̀hún tán. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi ti wákàtí kan gbáko pamọ́.

Ìdí nìyí náà tí mi ò fi gba "epo àjẹkù" tí ẹnìkan dábàá. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn oúnjẹ ni àjẹkù. Epo yìí, kí a tó jẹun rárá la ti bù ú sọ́tọ̀. Epo àfipamọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí afẹ́fẹ́ díẹ̀, torí ó dùn mí pé gbogbo yín kọjá lára rẹ̀. Ẹ kọ "afẹ́fẹ́-iwájú" àti "afẹ́fẹ́-ẹ̀yìn". Mo bi yín: afẹ́fẹ́ tó ti ẹ̀yìn wá ni, àbí èyí tó ń lọ sí ẹ̀yìn? Ọ̀rọ̀ tó lè yí padà báyìí lè pa awakọ̀. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń wa ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́ lọ ná ọjà Èjìnrìn. Mo wà nínú ọkọ̀ náà ní kékeré, mo jókòó lórí àpò gaàrí. Bí wọ́n bá ta ìgbòkun tó sì kún, tí omi ń yọ̀ lábẹ́ ọkọ̀, wọn a ní, "Afẹ́fẹ́ ń sìn wá." Bí ó bá wá kọjú sí wa, tí àjẹ̀ wúwo lọ́wọ́, wọn a ní, "Afẹ́fẹ́ ń dá wa padà." Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé èwo ni iwájú, èwo ni ẹ̀yìn. Sísìn náà ni a fi ń sin àlejò sọ́nà. Afẹ́fẹ́ asìnni, afẹ́fẹ́ adánipadà: mo ti ń kọ méjèèjì sínú ìwé ìrìn mi láti ọdún mẹ́ta, wọn ò sì tíì ṣì mí lọ́nà rí.

Ó wá kan "ìfòwọlé". Ta ló ń fò wọlé? Olè tó gba ojú fèrèsé ni. Ewúrẹ́ tó fo ọgbà náà ń fò wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń dé Oshkosh, kí ẹ fúnra yín dájọ́. Ìpàdé yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1953 ní Milwaukee, ní ọdún tí Paul Poberezny àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá EAA (Experimental Aircraft Association), ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ bàlúù, sílẹ̀. Ó gbé Rockford fún ìgbà díẹ̀, ó sì ti wà ní Oshkosh láti 1970. Ní ìparí oṣù keje ọdọọdún, nǹkan bí 10,000 bàlúù ló ń wá sí agbègbè náà. Ẹ ò lè fò wọlé níbẹ̀! Láti Ripon, ẹ ó tẹ̀ lé ojú irin rélùwéè, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, ní 1,800 ẹsẹ̀ bàtà sókè, ẹ ó rọra máa lọ ní 90 máìlì ojú omi ní wákàtí títí dé abúlé Fisk. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ dúró sórí ilẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán. Wọn kì í pe orúkọ yín, àwọ̀ ni wọ́n ń pè: bàlúù funfun tí apá rẹ̀ wà lókè, mi apá rẹ. Ẹ ò gbọdọ̀ fẹnu dáhùn. Ẹ ó mi apá, wọn a kí yín, wọn a tọ́ka ọ̀nà ìbalẹ̀ tó kàn yín. Ọ̀hún ni wọ́n á ti ní kí ẹ balẹ̀ sórí àmì róbótó aláwọ̀ ọsàn, kí ẹni tó tẹ̀ lé yín balẹ̀ sórí ti aláwọ̀ ewé, lójú ọ̀nà kan náà. Lálẹ́, kálukú á pàgọ́ sábẹ́ apá bàlúù rẹ̀.

Ìpéjọ nìyẹn. Wọ́n fò, wọ́n péjọ. Àfòpéjọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ náà kò bá òfin mu, kó gbójú sókè wo igi òróòmbó tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀: kí ló wà lórí rẹ̀? Àfòmọ́. À-, fò, mọ́. Ọ̀nà tí àwọn àgbà gbà sọ ọ́ lórúkọ ni mo gbà. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà sì ni ẹ̀yin onígírámà mú fún mọ́fíìmù tó ń fara mọ́ ara ọ̀rọ̀, ẹ ò wá lè sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Màmá wa ní Ìbàdàn kọ̀wé pé àfòpéjọ ń rán àwọn létí eṣú, pé eṣú ló ń fò péjọ sórí oko àgbàdo. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀, Màmá. Òótọ́ ni ẹ sọ. Ṣùgbọ́n àpéjọ lásán náà, ṣé eṣinṣin kì í péjọ ni? A ò torí eṣinṣin fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹ bá ní èyí tó sàn jù, mo ṣetán láti gbọ́ lẹ́nu yín.

Ẹni tó ní ká ju "bàlúù" nù torí pé a yá a lò, mi ò bá a lọ. Ìyá mi ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí wọn náà pè é bẹ́ẹ̀. Ti òfuurufú àti òfurufú, mi ò ní dá sí i lónìí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìgbìmọ̀ tó ṣàtúnṣe àkọtọ́ Yorùbá ní 1974 ti ní ká kọ fáwẹ̀lì bó ṣe gùn tó lẹ́nu ni mo ti ń kọ gbogbo tèmi. Ẹni tó sì kọ "mi ìyẹ́ rẹ" dípò "mi apá rẹ", kó lọ fọwọ́ kan bàlúù kan wò. Irin pẹlẹbẹ ni. Ìyẹ́ ń bọ́ lára adìẹ, kì í bọ́ lára Cessna.

Ọ̀rọ̀ kan ni mi ò tíì rí, ìrànlọ́wọ́ yín ni mo sì ń tọrọ báyìí. Lórí ètò ìrìn, mo máa ń kọ pápá mìíràn sílẹ̀, ibi tí n ó yà sí bí òjò bá dí ọ̀nà tàbí bí Oshkosh bá kún. Ẹnìkan pè é ní "pápá àfirọ́pò", ṣùgbọ́n kò rọ́pò ohunkóhun. Oshkosh ṣì ni ibi tí mò ń lọ. Mo bi ìyá mi lánàá pé kí ni bàbá mi ń pe èbúté tí wọ́n máa ń yà sí bí ìjì bá ká wọn mọ́ ojú ọ̀sà. Wọ́n ní ìsádi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kọ mí lóminú pé ẹni tó ń sá ogun ló ń wá ìsádi, pé ó le ju ohun tí mo ń sọ lọ. Ẹni tó bá ní èyí tó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú. Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ Àbámẹ́ta ni n ó gbéra, mo sì gbọ́dọ̀ ka ètò náà fún wọn kí n tó sùn.